Obìnrin Tí Wọ́n Fẹ́ Sọ Di Ọmọ Ìbílẹ̀

O ti bi mí léèrè, ọmọ mi, n kò sì tíì dá ọ lóhùn. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ obìnrin kan fún ọ.

Obìnrin náà ń gbé ní ìlú kan láàárín oko kòkó, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Èkìtì. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n, tọmọdé tàgbà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ orúkọ bàbá rẹ̀.

Kì í ṣe pé bàbá náà ti kú. Ó wà láàyè, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ yìí ló sì ń gbé, nínú yàrá tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Láti ilẹ̀ Ẹbira ló ti wá nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè máa kọ ebè fún àwọn olóko. Nígbà tí iṣẹ́ parí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sílé. Òun kò padà. Ó rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ dára, pé àwọn èèyàn ibẹ̀ kò sì le jù, ó bá lọ mú ìyàwó wá láti ilé, ó tọrọ oko díẹ̀, ó ń ṣe é. Àwọn ará ìlú ń pè é ní Bàbá Alágbàṣe. Nígbà tó yá, kò ṣe àgbàṣe mọ́. Ó ti ní oko tirẹ̀, òun gan-an sì ti ń gba àwọn ọ̀dọ́ síṣẹ́. Síbẹ̀, Bàbá Alágbàṣe náà ni wọ́n ń pè é. Kò bínú sí i. Bí wọ́n bá ti pè é, á jẹ́.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọbìnrin yìí, ọ̀nà oko ni ìrọbí ti mú ìyá rẹ̀. Obìnrin náà rọra ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀, ṣùgbọ́n kò lè dé ilé. Agbolé Ọ̀dọ̀fin ni ilé tó kọ́kọ́ kàn nígbà tó wọ ìlú, ibẹ̀ ló yà sí. Ọ̀dọ̀fin jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olóyè àgbà ìlú náà. Ìyá tó bí Ọ̀dọ̀fin tó wà lórí oyè báyìí mọ iṣẹ́ ìgbẹ̀bí dáadáa, òun ló sì gbẹ̀bí ọmọ náà, lórí ẹní, nínú ilé yẹn. Nígbà tí ibi ọmọ jáde, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sin ín síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe.

Bí ọmọ náà ṣe di ọmọ ìlú nìyẹn. Èdè wọn ló kọ́kọ́ sọ. Odò wọn ló ti pọn omi. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan létí odò, òun àti ọmọ kan ń du ibi tí wọn yóò gbé korobá sí, ọmọ náà bá pè é ní àtọ̀húnrìnwá. Kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí. Ó gbé omi rẹ̀ délé, ó bi ìyá rẹ̀ pé, "Màmá, ibo ni ọ̀hún wà?"

Ìyá rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ọ̀hún ni ibi tí èmi àti bàbá rẹ ti wá. Ìwọ kò tíì dé ibẹ̀ rí."

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Wọ́n ń lé e lọ sí ibi tí kò dé rí, láti ibi tí kò tíì kúrò láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ó dàgbà, ó lọ́kọ. Awakọ̀ ni ọkọ rẹ̀, àlejò lòun náà. Ọkọ kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wá ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ nínú ayé. Ó dá ibi ìdín-gàrí sílẹ̀ ní apá ìsàlẹ̀ ìlú. Àwọn obìnrin ń bó ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń fún un, wọ́n ń dín in, wọ́n sì ń pè é ní Ìyá Onígàrí. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kó ẹjọ́ wọn wá. Bí ọkọ bá na ìyàwó, ibẹ̀ ni ìyàwó ń sá lọ. Bí orogún méjì bá jà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí rẹ̀, nítorí Ìyá Onígàrí kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níbẹ̀ níta.

Ohun tó sọ ọ́ di ẹni ńlá ni ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ̀bí. Ìlú náà ní ilé ìgbẹ̀bí. Wọ́n ti kùn ún, wọ́n ti kó bẹ́ẹ̀dì sí i, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan kú lórí ọ̀kadà tí wọ́n fi ń gbé e lọ bímọ ní ìlú kejì, ọkàn gbogbo obìnrin bàjẹ́. Àwọn mìíràn sunkún, wọ́n lọ sílé. Ìyá Onígàrí kó àwọn tó kù jọ, wọ́n gbé ìkòkò, wọ́n gbé igi ìdáná, wọ́n lọ jókòó sí àgbàlá ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó bi í pé ṣé ọmọ ìbílẹ̀ ni, kó tó wọlé sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Akọ̀wé kan jáde, ó ní kí wọ́n máa lọ, wọn yóò gbọ́ èsì.

Ó ní, "Ẹ má ṣe wàhálà nítorí tiwa. A ti gbé ìkòkò wá."

Wọ́n sè níbẹ̀, wọ́n jẹ níbẹ̀, òjò pa wọ́n níbẹ̀. Nígbà tí ojú ti àwọn ọ̀gá tó, wọ́n fi nọ́ọ̀sì ránṣẹ́. Láti ìgbà náà ni ọmọ ti ń ké nínú ilé ìgbẹ̀bí yẹn.

Nítorí náà, nígbà tí Ìyálóde ìlú kú, àwọn obìnrin kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ẹni tí wọn yóò fi jẹ. Wọ́n lọ sí ààfin, wọ́n ní Ìyá Onígàrí làwọn fẹ́. Inú ọba dùn sí i. Àwọn olóyè mi orí pé ó dára. Ó kù díẹ̀ kí ìjókòó túká, ni olóyè kan láti apá òkè ìlú bá bèèrè wẹ́rẹ́ pé, "Ṣé ọmọ ìbílẹ̀ ni obìnrin yẹn?"

Wọ́n túká láìparí ọ̀rọ̀ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Ọ̀dọ̀fin wá sí ilé Ìyá Onígàrí. Èèyàn dáadáa ni Ọ̀dọ̀fin. Mo fẹ́ kí o mọ èyí, nítorí kì í ṣe ọ̀tá ló máa ń gbé irú ọ̀rọ̀ báyìí wá bá èèyàn, ẹni tó fẹ́ràn rẹ ni.

"Gbogbo wa la fẹ́ ọ," ni ó wí. "Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ọmọ ìbílẹ̀ ló ń jẹ Ìyálóde."

"Bàbá, ilé yín ni wọ́n ti bí mi."

"Mo mọ̀. Ìyá mi ló gbẹ̀bí rẹ. Ṣùgbọ́n ìbílẹ̀ tí à ń wí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n bí èèyàn sí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ti ara ẹni tó tẹ ìlú yìí dó wá ni."

Ọ̀dọ̀fin sún mọ́ ọn.

"Gbọ́ mi. Àbúrò bàbá mi kan lọ sí Gánà nígbà ayé rẹ̀, kò padà wá. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ó bímọ tàbí kò bí. A ó sọ pé òun ló bí ọ. Gbogbo àgbà ló mọ̀ pé inú agbolé wa ni wọ́n ti bí ọ. Ta ló máa jiyàn?"

"Bàbá mi ńkọ́?"

"Alágbàtọ́ ni. Òun ló tọ́ ọ dàgbà, a ó sì máa yìn ín fún un. Kò ṣáà ní wá sí ààfin lọ́jọ́ náà."

Ó ní kí Ọ̀dọ̀fin jẹ́ kí òun rò ó. Ọmọ mi, má rò pé ó bínú lé e jáde. Kò bínú. Ohun tó ti ń wù ú láti kékeré ni wọ́n gbé sínú àwo wá bá a yìí. Ó ronú kan omi tí kò tíì sí nínú ilé ìgbẹ̀bí. Ó ronú kan ọ̀nà oko tó ti bàjẹ́, tó jẹ́ pé bí Ìyálóde bá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ọba yóò gbọ́. Ó sì ronú kan ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, ọmọ ìbílẹ̀, bí yóò ṣe rí bí ẹnì kan bá pè é bẹ́ẹ̀ ní gbangba tí kò sì sí ẹni tó máa rẹ́rìn-ín.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ ń dín gàrí, ọmọ ìlú láti ìran dé ìran. Ọ̀rẹ́ náà ní, "Gbà á. Lẹ́yìn tó o bá jẹ oyè tán, ta ló máa bi ọ́ mọ́?"

Bàbá rẹ̀ náà ti gbọ́. Ògiri ilé náà kò nípọn. Ó pè é wọ yàrá rẹ̀, ó ní kó jókòó.

"Sọ ohun tí wọ́n ní kí o sọ," ni bàbá náà wí.

"Bàbá, ẹ mọ ohun tí wọ́n ní kí n sọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Orúkọ wo ni mo ní tó o fẹ́ tìtorí rẹ̀ kọ oyè? Àwọn obìnrin yẹn nílò rẹ. Èmi mọ ọmọ mi, ìwọ náà sì mọ bàbá rẹ. Kí la tún ń wá?"

Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ọmọ rẹ̀ wò ó títí, kò lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí Ọ̀dọ̀fin pé òun gbà. Wọ́n wá kọ́ ọ ní oríkì agbolé náà, kó lè kà á nígbà tí wọ́n bá bi í ní ọmọ ẹni tó jẹ́ ní ààfin. Ó máa ń kà á sínú bó ṣe ń ro gàrí lórí iná, títí ó fi mọ̀ ọ́n tán. Oríkì tó dára ni. Ó dùn lẹ́nu.

Ọjọ́ ìwúyè pé. Ó wọ aṣọ òkè tí àwọn obìnrin fi ta á lọ́rẹ, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ kí bàbá rẹ̀ kó lè súre fún un kó tó jáde. Yàrá náà ṣófo. Wọ́n ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Agbádá funfun tí bàbá máa ń wọ̀ fún ọdún wà lára ìṣó níbi tó máa ń wà. Ọkọ́ rẹ̀ ni kò sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Kì í ṣe ọjọ́ oko. Ó ti pẹ́ tí bàbá náà kò ti lọ sí oko láìsí ẹni tó bá a lọ.

Obìnrin náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ó rí i bí ó ṣe rí: bàbá rẹ̀ ti jí ní ìdájí, ó ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ti gba ẹ̀yìn ilé jáde, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i kó sì bèèrè ohun tó jẹ́ sí Ìyálóde tuntun. Ó ti lọ fi ara pamọ́ bí ẹni tó jalè, lórí ọ̀rọ̀ ọmọ tó bí.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọjú. "Wọ́n ti ń dúró ní ààfin."

"Jẹ́ kí wọ́n dúró."

Ó gba ọ̀nà oko lọ pẹ̀lú aṣọ òkè lára rẹ̀. Ìrì ṣì wà lára koríko, ó rẹ ìró rẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Àwọn tó pàdé rẹ̀ lọ́nà yà fún un. Ó bá bàbá rẹ̀ tó jókòó sílẹ̀ lábẹ́ igi obì, tó na ẹsẹ̀, tí ọkọ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kí lẹ wá ṣe lóko lónìí, Bàbá?"

"Iṣẹ́ wà."

Ó wo ọkọ́ náà. Kò sí yẹ̀pẹ̀ lára rẹ̀.

"Ẹ dìde, kí a máa lọ."

"Bí mo bá bá ọ lọ, wọn ò ní fún ọ."

"Mo mọ̀."

"Àwọn obìnrin rẹ ńkọ́?"

"Àwọn obìnrin kò rán mi pé kí n wá tà yín."

Bàbá náà wolẹ̀. Ó ní, "Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, olóko kan bi mí lórúkọ. Mo sọ ọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ahọ́n òun kò lè gbé e, alágbàṣe lòun máa pè mí. Mo rò ó pé kò sóhun tó burú níbẹ̀. N kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyá rẹ nìkan ló ń fi orúkọ yẹn pè mí, òun náà sì ti lọ." Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń nu òógùn. "N kò fẹ́ kí wọ́n tún rẹ́rìn-ín, lójú rẹ."

"Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Bí ẹ kò bá lọ, èmi náà kò lọ. Kí wọ́n jókòó lórí àga oyè náà fúnra wọn."

Ó na ọwọ́ sí i. Bàbá náà dì í mú, ó dìde.

Nígbà tí wọ́n dé ààfin, oòrùn ti mú. Èrò ti pọ̀. Wọ́n rí Ìyá Onígàrí tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìró tó tutù, ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó di Bàbá Alágbàṣe mú lọ́wọ́, bàbá náà sì wà nínú aṣọ oko. Àwọn obìnrin tó ń kọrin dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ̀fin rí wọn, ojú rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n àṣà ni pé òun ló máa bèèrè, ó sì bèèrè.

"Ìwọ tó wá síwájú Kábíyèsí, ọmọ ta ni ọ́? Sọ ọ́ kí ìlú gbọ́."

O ti rí i, ọmọ mi, pé n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dá, ibi tí yóò ti jáde nìyí.

Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó kí ọba tán, ó dìde. Ó ní, "Ọmọ Onímísi ni mí. Ẹbira ni bàbá mi. Òun nìyí."

Ariwo sọ. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn lóòótọ́. Ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀.

Ọ̀dọ̀fin rẹ ohùn sílẹ̀. "Ohun tí a jọ sọ kọ́ nìyí."

"Ohun tí a jọ sọ kì í ṣe òótọ́, Bàbá. Ẹ má bínú. Mo ti kọ́ oríkì náà tán, ó dára, ṣùgbọ́n ti yín ni."

Olóyè tó bèèrè ìbéèrè lọ́jọ́ sí náà dìde. "Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti parí."

"Ọmọ ìbílẹ̀ ni mí," ni obìnrin náà wí. Kò gbé ohùn sókè. "Ẹ gbọ́ mi ná. Mo ti ń tú ọ̀rọ̀ yìí wò láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé e wá bá mi. Mo bá bíbí nínú rẹ̀. Mo bá ilẹ̀ nínú rẹ̀. N kò bá bàbá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Wọ́n bí mi, orí ilẹ̀ yín ni wọ́n sì bí mi sí. Ibi ọmọ tó bá mi wáyé wà nínú ilẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé Ọ̀dọ̀fin. Ẹni tó bá ní kí n máa lọ sí ìlú mi, kó kọ́kọ́ lọ hú u fún mi, kí n mú un dání."

"Ẹnì kan ló tẹ ìlú yìí dó," ni olóyè náà wí. "Àwa tí a jẹ́ ọmọ rẹ̀ la ni ín."

"Ibo ni wọ́n bí òun náà sí?"

Gbogbo ọmọdé ìlú yẹn ló mọ̀ pé ọ̀nà jíjìn ni ẹni tó tẹ ìlú dó ti wá. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi kọrin.

"Òun kò bá ẹnikẹ́ni níbí," ni olóyè náà tún wí.

"Ó bá ilẹ̀. Ilẹ̀ náà ni mo ń sọ."

Ọba gbé ọwọ́ sókè. Ó wo obìnrin náà, ó wo bàbá rẹ̀. Ó ní, "N kò lè sọ pé o purọ́. N kò sì lè fún ọ ní oyè tí àwọn olóyè mi kò fọwọ́ sí. O mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyí kí o tó la ẹnu."

"Mo mọ̀, Kábíyèsí."

"Kí ló wá dé tí o fi sọ ọ́?"

"Nítorí pé ohun tí ẹ bá fi irọ́ fún mi, ọjọ́ tí inú bá bí yín lẹ máa gbà á padà. Èyí tí mo mú wá yìí, ẹ̀yin kọ́ lẹ fún mi."

Ó kúnlẹ̀ fún ọba, ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, wọ́n jáde.

Má jẹ́ kí n tàn ọ́, ọmọ mi. Kò sí ẹni tó pè é padà. Ìlú kò dìde tẹ̀ lé e. Láàárín oṣù yẹn náà, wọ́n fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ Ìyálóde. Àwọn obìnrin kan wà tí wọn kò bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní ìgbéraga ló pa á, pé ó ní ànfààní àwọn lọ́wọ́, ó sọ ọ́ nù nítorí orúkọ àgbà ọkùnrin kan. Ó gbọ́ ọ. Ó dùn ún. Ó padà sídìí agbada rẹ̀, ó ń dín gàrí, àwọn ọjọ́ kan sì wà tó ń bi ara rẹ̀ pé ṣé òun kò ti ṣe ju bó ti yẹ lọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ kó tó gba oyè. Ó ní òun kò mọ bí òun ṣe fẹ́ wò ó lójú.

Ó ní, "Jẹ ẹ́. O yẹ fún un. Rí sí omi ilé ìgbẹ̀bí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi ọ́ nípa mi, má fi ọ̀rọ̀ bò mí. Sọ pé ọmọ ìlú yín ni mí, pé bàbá mi sì ń jẹ́ Onímísi."

Ní òwúrọ̀ kan, lẹ́yìn ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti rọ̀, bàbá náà ń ti oko bọ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìgbẹ̀bí jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bá kí i pé, "Bàbá Onímísi, ẹ kú oko." Bàbá náà kọjá lọ. Kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń kí. Ó ti rìn díẹ̀ síwájú kó tó dúró. Ó yí padà, ó wo nọ́ọ̀sì náà, ó ní, "Tún un pè." Nọ́ọ̀sì tún un pè.

Òfin pé ẹ̀jẹ̀ ni ìbílẹ̀ kò yí padà o. Ó wà níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí wọ́n bá ti bi obìnrin náà léèrè ìbílẹ̀ rẹ̀, ìlú yẹn ló ń dárúkọ. Bí ẹnì kan bá ní, "Ṣebí Ẹbira ni yín?" á ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá òun ló bí òun bẹ́ẹ̀. Kò fi ọ̀kan tọrọ ìkejì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àwọn olóyè rí i pé kò bẹ àwọn, kò sì dákẹ́, ó sú wọn láti máa jiyàn.

Ìwọ ni mo ń bá wí báyìí.

O sọ fún mi pé wọ́n fẹ́ fi ọ́ ṣe alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, pé ìwọ ni wọ́n rí tó lè ṣe é. O ní ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí o máa pe ara rẹ ní ọmọ agbolé ìyàwó rẹ, kí o má dárúkọ ibi tí bàbá rẹ ti wá nínú ìpàdé. O sì ní ọ̀rọ̀ lásán ni. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, kí ló dé tí wọ́n ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà? Ẹni tó bá ní kí o gbé bàbá rẹ sílẹ̀ lóde kí o tó wọlé, kò tíì gbà ọ́ wọlé. Ó kàn fẹ́ mọ ohun tó o lè gbé sílẹ̀ ni. Bó o bá ṣe é lónìí, yóò tún bèèrè òmíràn lọ́la.

Mo mọ ilé tí wọ́n ti bí ọ, ní ẹ̀yìn ọjà àtijọ́. Mo mọ ìyá tó gbẹ̀bí rẹ. Ìwọ kì í ṣe ẹni tó ń tọrọ ìlú yìí. Ọ̀rọ̀ náà, ọmọ ìbílẹ̀, ti jẹ́ tìrẹ kí o tó lè sọ̀rọ̀, kò sì sí ìgbìmọ̀ tó lè dìbò gbà á lọ́wọ́ rẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó lè fi í ta ọ́ lọ́rẹ.

Nítorí náà, lọ sí ìpàdé wọn. Wọ aṣọ rẹ tó mọ́. Kí àwọn àgbà bó ti yẹ. Nígbà tí wọ́n bá ní kí o sọ ọmọ ẹni tí o jẹ́, sọ orúkọ bàbá rẹ ní kíkún, sọ ìlú tó ti wá, kí o sì sọ pé ọmọ ìbílẹ̀ ibí ni ọ́. Má bẹ̀bẹ̀, má jà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n mú ipò náà fún ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá ní kí o jáde, dìde kí o jáde. Ilé rẹ ni kí o lọ. Inú ìlú yìí náà ló wà.